Kí ẹ tó ra router míì ní Àgọ́ Palace

Ẹ̀yin ará Àgọ́ Palace, ẹ̀yin ará Òkòtà, àti gbogbo ẹni tó ń gbé láti Cele títí wọ Ìsọlọ̀, ẹ bùn mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ WiFi ilé ni mo gbé wá. Ó máa gùn o. Ẹni tí bátìrì fóònù ẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kó fi sí ṣájì ná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le rárá: èyí tó pọ̀ nínú owó tí à ń ná torí pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" ní àdúgbò yìí, ibi tí ò dùn wá là ń ná an sí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. WiFi á dúró, a ó ra router tuntun. Router tuntun á dúró, a ó pààrọ̀ SIM. SIM tuntun náà á ṣe bíi ti àná, a ó wá ra plan ńlá. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, router mẹ́ta ti wà lábẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n ń kó eruku jọ, kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Orí ló ń fọ́ wa, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí là ń mu.

Ẹlòmíì á ní, ṣé torí WiFi lo ṣe ń kọ gbogbo èyí? Bẹ́ẹ̀ ni, torí WiFi ni. Ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Ọmọbìnrin tó ń gbé òkè yín yẹn, tí ẹ rò pé kò níṣẹ́ torí kì í jáde láàárọ̀, òru ló ń dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó lóhùn. Ẹni tó ń ta wíìgì, orí Instagram ló ti ń ṣí ọjà. Ọmọ tó ń kàwé ní NOUN, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì ẹ̀ wà. Tí àwòrán èèyàn bá gan lẹ́ẹ̀mẹta lórí Zoom, ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún ò ní béèrè pé mast wo ló wà ní Àgọ́. Á kàn gbà pé ẹni yẹn ò ṣe é gbára lé. Mo mọ èèyàn méjì tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí àléébù kankan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Owó ẹ̀ náà ò sì ṣe é fi ṣeré mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, àwọn tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn, ó sì lè tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Látìgbà yẹn, ìméfò ti di ohun olówó ńlá.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra nǹkan míì, ẹ ṣe ìdánwò méjì tí kò ní ná yín ju dátà díẹ̀ lọ. Ẹ dán ibi wò. Ẹ dán àsìkò wò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. WiFi kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì. Tí àmì WiFi bá kún lórí fóònù yín, gbogbo ohun tó ń sọ ni pé fóònù ń gbọ́ router dáadáa. Kò sọ pé router náà ń gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi omi wò ó. Tí omi ò bá yọ nínú balùwẹ̀, ẹ ò ní sáré lọ ra táǹkì tuntun. Ẹ máa kọ́kọ́ ṣí ti kíṣìnì wò. Tí ti kíṣìnì bá ń yọ, páìpù balùwẹ̀ ló dí. Tí ti kíṣìnì náà ò bá yọ, ẹ máa bi aládùúgbò yín bóyá omi wà nínú táǹkì òkè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ èyí. Àmọ́ tó bá ti di ti WiFi, ọgbọ́n yẹn á fò lọ, a ó ní àwọn ará abúlé wa ló ń ṣe wá.

Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní Àgọ́, router tó ń lo SIM ni wọ́n ní. Ìyẹn ni pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Láti fóònù dé router, afẹ́fẹ́ kan. Láti router dé mast, afẹ́fẹ́ kejì. Lẹ́yìn mast ni wáyà ti máa ń gbà á, tí á gbé e gba abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ òkun lọ. Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ ni ín. Èkejì, ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Kí ẹ mọ èyí tó ń ṣe yín nínú méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ìdánwò ibi rèé. Ẹ pa dátà SIM tó wà nínú fóònù yín, kó jẹ́ WiFi nìkan ló wà ní títàn. (Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí. Fóònù á yọ́ bọ́ sórí SIM tiẹ̀ láìsọ fún wọn, wọ́n á wá ní WiFi àwọn ti dáa.) Ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n fi WiFi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ lọ dúró ti router, kó má ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Ẹ ṣí fast.com, ti Netflix nìyẹn, tàbí Speedtest. Ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe máa ń tì í, kí ẹ tún un ṣe.

Tí ẹ̀gbẹ́ router bá fún yín ní 30, tí yàrá sì fún yín ní 3, ẹ má pe customer care. Inú ilé yín ló wà. Tí méjèèjì bá jẹ́ 3, ẹ fi ilé sílẹ̀, ẹ lọ sí ìdánwò kejì.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí tó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ router yín, 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1 tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ping, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ wá tẹ nọ́ńbà yẹn. Ẹ ń kan ilẹ̀kùn router nìyẹn, ẹ sì ń wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ping 8.8.8.8, ìyẹn ilẹ̀kùn Google. Tí router fúnra ẹ̀ bá ń pẹ́ dáhùn, tó ń fò láti 5 sí 300, inú ilé ni àìsàn wà. Tí router bá ń dáhùn wéré, tó jẹ́ ti Google ló ń fò sókè sódò, ìta ni. Ìṣẹ́jú méjì péré nìyẹn, ó sì dáa ju kéèyàn pa router kó tún tàn án nígbà ogún lọ.

Nọ́ńbà tí Speedtest ń fún yín, Mbps ni, kì í ṣe MB tí ẹ ń rà. Mbps mẹ́jọ ló ń di MB kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà 20 Mbps máa gbé nǹkan bíi MB méjì àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Netflix fúnra wọn sọ pé 5 Mbps tó fún fíìmù 1080p. Ilé tó bá ń rí 15 nínú yàrá, tí nọ́ńbà náà ò sì ń jó lọ jó bọ̀, kò nílò plan ńlá. Plan tí wọ́n ń fi GB tà, bí omi inú kẹ́ẹ̀gì ṣe pọ̀ tó ló ń sọ fún yín. Kò sọ bí ẹnu kẹ́ẹ̀gì ṣe fẹ̀ tó. Àfi tó bá jẹ́ irú plan tí wọ́n kọ ìyára sí, tàbí "unlimited" tí ẹ ti lò kọjá ààlà lóṣù yẹn, tí wọ́n wá dín eré ẹ̀ kù. (Unlimited tó ní limit. Ẹ má bi mí.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ṣe Speedtest bí ẹni ń wo aago o. Tó bá jẹ́ 5G, ẹ̀ẹ̀kan péré lè jẹ dátà tó pọ̀ gan-an.

Ó dáa. Ká ní inú ilé ló wà. Ibo ni router yín wà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, nílẹ̀, nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wáyà má bàa hàn sí àlejò. Ibi tó burú jù nìyẹn. Irin pọ̀ nínú tẹlifíṣàn. Bílọ́ọ̀kù ilé wa nípọn, irin sì wà nínú òpó àti dẹ́kìn. Dígí ńlá, fíríìjì, táǹkì omi, gbogbo wọn ló ń dí WiFi lọ́nà tàbí tí wọ́n ń dá a padà. Ẹ gbé router sókè, kó ga ju orí yín lọ, kó wà ní gbangba. Àlejò tó bá rí wáyà ò ní kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èrò. Router tó bá dé lẹ́nu ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí sábà máa ń ní ẹ̀ka méjì, 2.4GHz àti 5GHz. (5GHz kọ́ ni 5G o. Orúkọ wọn ló jọra, wọn ò bára tan.) 2.4 máa ń gba inú ògiri kọjá ju 5 lọ, àmọ́ ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà lórí ẹ̀ tí wọn kì í gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Ẹ wá ṣí àkójọ WiFi lórí fóònù yín báyìí, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé nítòsí Àgọ́ Palace Way, nílé alájà méjì, mo kà á dé ogún, mo fi sílẹ̀. Ogún router lórí ọ̀nà mẹ́ta! Bí ìgbà tí gbogbo dánfó Cele fẹ́ gba ẹnu géètì kan wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Microwave àti Bluetooth tún wà lórí 2.4 kan náà yẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ tẹ nọ́ńbà abẹ́ router yẹn sínú Chrome, ẹ wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ channel sí. Nínú 1, 6 àti 11, ẹ mú èyí tí èrò ò pọ̀ lórí ẹ̀. Ááàpù ọ̀fẹ́ wà tó ń fi hàn lórí Android, ẹ wá "WiFi analyzer". Ẹ má mú 3 pé ẹ fẹ́ gbọ́n ju ará ilé yín lọ. Ẹni tó bá wà lórí 3 ń da 1 àti 6 láàmú pọ̀, àwọn náà á sì da òun láàmú. Tí ẹ bá rí "width", ẹ fi ti 2.4 sí 20MHz. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ àti tẹlifíṣàn, tí wọ́n bá sún mọ́ router, orí 5GHz ni kí wọ́n wà. Ẹ fi 2.4 sílẹ̀ fún àwọn fóònù tó jìnnà.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀ yẹn, ẹ wo iye ẹ̀rọ tó so mọ́ WiFi yín. Tó bá ju èyí tí ẹ mọ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ password. Àmọ́ ẹ má tíì lọ bá aládùúgbò jà. Mo mọ ilé kan ní Òkòtà tí fúláàtì méjì ò ti kí ara wọn fún oṣù mẹ́rin torí "wọ́n ń jí dátà wa lò". Nígbà tí ẹnì kan wá fara balẹ̀ wò ó, fóònù ọmọ ilé náà gan-an ló ń gbé gbogbo fídíò inú ẹ̀ lọ sórí Google Photos ní gbogbo òru.

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀ rèé, torí àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn láti ìlú òyìnbó kì í sọ ọ́. Wáyà ló máa ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé, torí náà wọ́n á ní "gbé router sí àárín ilé". Router tó ń lo SIM, tí ẹ bá gbé e sí àárín ilé, kò ní rí mast mọ́. Fèrèsé ló ń fẹ́. Fóònù yín ló ń fẹ́ àárín ilé. Tí ẹ bá tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn, ẹ ti ṣẹ èkejì. Ti 5G ló tún le jù, torí 3.5GHz tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún un lọ́dún 2022 ní Nàìjíríà kì í fẹ́ràn ògiri rárá.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ wá fèrèsé tó dáa jù. Lórí ojú ewé router yẹn, ẹ wá ohun tí wọ́n pè ní RSRP. Nọ́ńbà ẹ̀ máa ń ní àmì òdì níwájú: -80 dáa, -100 ń tiraka, -115 ti ń pòkàkà ikú. Ẹ gbé router láti fèrèsé kan sí òmíì, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ wo nọ́ńbà náà. Ẹ máa rí i pé ìgbọ̀nwọ́ méjì péré lè yí i padà. Ibi tó bá ti dáa jù, ẹ fi router sílẹ̀ síbẹ̀, kódà kó jẹ́ fèrèsé kíṣìnì.

Ẹ wá rántí àwọn router tó ń kó eruku jọ lábẹ́ tẹlifíṣàn? Iṣẹ́ wọn ti dé. Ẹ ra wáyà Ethernet, Cat5e tàbí Cat6, tó gùn dé pálọ̀. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé e dé mítà ọgọ́rùn-ún láìṣàárẹ̀, ilé yín ò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi orí kan sínú ihò LAN router fèrèsé, kí ẹ fi orí kejì sínú ihò LAN router àtijọ́. Àmọ́ kí ẹ tó so ó, ẹ wọnú router àtijọ́ yẹn, ẹ pa DHCP ẹ̀, kí àwọn méjèèjì má máa pín nọ́ńbà fún fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ò ní jọ ti èkejì. Ẹ fún un ní orúkọ WiFi àti password kan náà. Ó parí. Router fèrèsé ń bá mast sọ̀rọ̀, router pálọ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀. Owó wáyà nìkan lẹ ná.

Wọ́n á fẹ́ ta "extender" fún yín dípò wáyà. Ó lè wúlò níbi tí wáyà ò ti lè dé. Àmọ́ èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn, afẹ́fẹ́ kan náà ló fi ń gbọ́ tó tún fi ń sọ, torí náà ìyára máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì.

Àti ọ̀rọ̀ iná, kí n má gbàgbé. Tí router bá ń kú tó ń jí fúnra ẹ̀, ẹ wo ádápítọ̀ kí ẹ tó wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó tún ń ga tó ń wálẹ̀, ádápítọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pa. Tí wọ́n bá kọ 12V 2A sára ẹ̀, ẹ má fi 12V 1A rọ́pò ẹ̀ pé ẹnu wọn bára mu. Á tàn, àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ fún un, á dákú. Mini UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún router wúlò ju router olówó ńlá lọ ní àdúgbò yìí, torí kò ní jẹ́ kí WiFi kú ní gbogbo ìgbà tí a bá ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀.

Ìdánwò àsìkò wá kù. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ router, ibì kan náà, ní aago márùn-ún ìdájí, ní aago kan ọ̀sán, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ìdájí bá jẹ́ 40, tí alẹ́ sì jẹ́ 2, router yín ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mast ló kún. Gbogbo wa ti dé láti ibi iṣẹ́, ẹnì kan ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń wo TikTok, mast kan náà la sì so mọ́. Ẹ̀yin tó ń gbé òkè pátápátá mọ bó ṣe ń rí: tí àwọn ìsàlẹ̀ bá ti ń fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé, omi yín á máa ro tó-tó-tó.

Tó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà ní Computer Village tó máa tún un ṣe. Router eléríálì mẹ́jọ tó dà bí alántakùn yẹn, inú ilé ló máa gbé WiFi kiri sí. Kò ní fi omi kún táǹkì. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì kó wá sílé yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó tan hotspot lójú fèrèsé yín, kí ẹ dán an wò. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ ṣí lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó o, torí router tí ilé-iṣẹ́ kan bá tà, wọ́n sábà máa ń tì í mọ́ SIM tiwọn.

Starlink ńkọ́? Ó dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì dáa fún ẹni tó lágbára ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, wọ́n ní àyè ti kún ní Èkó. Ojú ọ̀run pàápàá ní èrò.

Ìgbà míì sì wà tí kì í ṣe ilé, tí kì í ṣe mast. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ẹ̀bá òkun Abidjan. Báńkì ò ṣiṣẹ́, ááàpù ò ṣí, láti Èkó dé Accra. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń pa router wọn, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn bíi rédíò àtijọ́. Ohun tó já wà nínú òkun ní Côte d'Ivoire!

Èyí ló wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Èyí tí mo lò lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ wọn. Ìgbà mẹ́fà ni mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ méjì. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ní kí n pa router kí n tún tàn án. Mo ka nọ́ńbà ìdájí àti ti alẹ́ fún wọn, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa router yín." Mi ò bínú sí i. Wọ́n kọ ohun tó máa sọ síwájú ẹ̀ ni. Àwọn tó kọ ọ́ ni mo ń bá wí, torí wọ́n ń rí i láti ọ́fíìsì wọn pé mast yẹn kún, wọ́n sì tún ń ta SIM míì fún àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí oníbàárà bá gbà pé router òun ló bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìgbà tí wọ́n máa fi kún agbára mast. Àìmọ̀ wa ń pa owó wọlé fún wọn.

Torí náà, àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní, "Mo ti dán an wò ní ẹ̀gbẹ́ router, aago márùn-ún ìdájí jẹ́ báyìí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ́ báyìí, RSRP mi jẹ́ báyìí." Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín, èyí tí wọ́n ń pè ní ticket, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n máa béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà. Ticket yẹn lẹ máa fi dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, NCC tún pàṣẹ pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú lọ́nà tó lágbára fún ohun tó ju wákàtí 24 lọ, kí ilé-iṣẹ́ san ẹ̀san fún oníbàárà, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dátà ẹ̀. Ẹni mélòó ló ti béèrè ẹ̀?

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù àti ẹ̀yin caretaker, ẹ má bínú, mo máa sọ ọ́. Fibre ti wà ní àwọn òpópónà kan ní Àgọ́. Ìdí tí kò fi tíì wọ ilé míì ni pé wọ́n ń bu owó "ìyọ̀ǹda" lé àwọn tó fẹ́ fa wáyà wọlé, tí àwọn ọmọ àdúgbò náà á tún gba tiwọn lẹ́nu géètì. Ẹni tó fẹ́ fi wáyà síbẹ̀ á ṣírò ẹ̀, á ní ó ti wọ́n jù fún òun nìkan. Fúláàtì mẹ́jọ á padà sórí SIM mẹ́jọ, router mẹ́jọ á máa jà lórí channel 6, gbogbo wọn á sì máa fa mast kan náà.

Bẹ́ẹ̀, à ń dáwó jọ ra táǹkì. À ń dáwó fún ọlọ́dẹ, à ń dáwó tún ẹ̀rọ omi ṣe. Kí ló dé tí a ò lè dáwó fa fibre kan wọ inú ọgbà, ká fi wáyà pín in dé fúláàtì kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní password tiẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ náà bóyá plan yẹn gbà kí ilé púpọ̀ lò ó, torí wọ́n ní ti ọ́fíìsì àti ti ilé gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mọ̀ pé ìjà owó máa wà. Fúláàtì 3 á ní òun ò sí nílé lọ́sẹ̀ méjì. Àmọ́ ìjà yẹn la ti ń jà lórí owó iná tẹ́lẹ̀, a sì mọ bí a ṣe ń parí ẹ̀.

Àwọn tó bá ṣe ìdánwò méjèèjì, ẹ kọ nọ́ńbà yín sábẹ́ ibí: orúkọ òpópónà, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdájí, alẹ́. Ẹ má kọ nọ́ńbà ilé, ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù. Màá to gbogbo ẹ̀ jọ ní òpópónà-òpópónà, kí ẹni tó bá fẹ́ pe 622 lè sọ pé òun nìkan kọ́. Àti ẹni tó bá ní wáyà Cat6 tó ṣẹ́kù, tó tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá kan wà ní ilé kejì sí tiwa tó ń ṣe kíláàsì ìránṣọ lórí WhatsApp. Fèrèsé kíṣìnì ẹ̀ fún wa ní -84, pálọ̀ ẹ̀ ni kò tíì dé.